Dùùrù Tí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Lọ́dún tí sójà ìjọba gba Port Harcourt, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ti sá lọ. Èmi tí mo kàwé dé sítáńdààdì mẹ́ta ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Orin mẹ́rin ni mo mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti Kérésìmesì.

Àṣà kan wà láàrin wa. Bí àwọn èèyàn bá ń lọ kúnlẹ̀ gba ara Olúwa, dùùrù á máa dún jẹ́jẹ́ títí ẹni tó kẹ́yìn á fi padà sáyè rẹ̀. Bí dùùrù bá ti dákẹ́, àlùfáà á fi aṣọ funfun bo ife, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, káfíńtà, ń gbé ní Rumuola. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ wíwú bọ̀ láti inú igbó tí wọ́n sá sí, ikùn rẹ̀ ò sì gba oúnjẹ mọ́. Ó ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni fún oògùn. Ara Olúwa tí òun ò rí jẹ láti ọdún kan ó lé ni kí wọ́n fún òun kí òun tó kú. Àlùfáà ò lè lọ sílé wọn, nítorí sójà ti nà án lójú títì Aba lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, débi pé kò lè jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á fi ọmọlanke gbé ìyàwó òun wá.

"Ṣáà má jẹ́ kí dùùrù dákẹ́ kí n tó dé."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, àwọn tó kúnlẹ̀ ò tó ogún. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n padà sáyè wọn. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì dé. Mo tẹ orin kìíní, mo tẹ ìkejì, mo tẹ ti Kérésìmesì nínú oṣù kẹjọ. Mo tún un tẹ tó ìgbà ọgọ́ta. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ bi alángbá ara ògiri, òun ló ń bá mi gbe ohùn kejì. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù ti kú.

Bàbá ìjọ wá sọ sí mi létí pé sójà ò gbọdọ̀ bá wa níbẹ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá. Mo ní ó ku ẹnì kan.

"Ta ni? Ẹ̀mí Mímọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti wà lọ́nà."

Àlùfáà gbọ́. Kò bo ife.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi wọlé, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ bí ọmọ tó sùn. Apá obìnrin náà ń fì, mo sì mọ̀. Àlùfáà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan imú rẹ̀, ó mi orí. Ọ̀rẹ́ mi ní kó fún un. Àlùfáà ní a kì í fún òkú. Ó na ti ọkọ sí i. Ọkọ ò lanu. Ìgbà náà ni mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí dùùrù.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la gbẹ́lẹ̀ sí, kíákíá, nítorí sójà. Ọ̀rẹ́ mi ní ìtòsí Trans-Amadi ni wọ́n ti dá àwọn dúró, tí wọ́n ń tú ọmọlanke wò.

"Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti gbọ́ dùùrù rẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò tíì parí."

Dùùrù yẹn, tí eku ti jẹ ìdajì inú rẹ̀, kì í dún dé ẹnu géètì. Mo ń wa yẹ̀pẹ̀ lọ.

"Ó gbọ́ ọ," ni mo wí.