Ẹyẹ Ẹlẹ́nu Pupa Tí Onígbàjámọ̀ Ń Wá

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wọ inú rẹ̀, kí irùngbọ̀n mi re dànù, ẹ sì mọ bí mo ṣe fẹ́ràn irùngbọ̀n mi tó.

Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ti ọjọ́ tí olóògbé onígbàjámọ̀ àdúgbò wa bú ẹyẹ. Ọgbà kan wà létí adágún odò, níbi tí wọ́n ti máa ń gba orí afárá pákó la àbàtà kọjá, tí wọ́n á sì dákẹ́ sínú ahéré kan láti máa yọjú wo ẹyẹ. Onígbàjámọ̀ fẹ́ràn ibẹ̀ bí ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé oníbàárà lórí, báwo ni yóò ṣe dákẹ́? Lọ́jọ́ náà, ẹyẹ kan tí ìyẹ́ orí rẹ̀ rí jákujàku rọra bà sétí omi. Gbogbo ahéré di èémí mú. Bàbá ní, "Ta ló gé irun fún eléyìí?" Ẹyẹ fò, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn yíjú sí i bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, ojú ló tì í."

Olùṣọ́ ọgbà ní bó bá tún máa wá, àfi kó fi aṣọ di ẹnu. Ó gbà. Aṣọ tó máa ń so mọ́ oníbàárà lọ́rùn ló fi dì í, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàlàyé ẹyẹ, títí tó fi gbá awò awọ̀nàjíjìn olùṣọ́ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Olùṣọ́ fúnra rẹ̀ ló tú aṣọ náà. "Bàbá, ẹ máa sọ̀rọ̀ yín. Ẹnu yín sàn ju ọwọ́ yín lọ."

Ẹyẹ ẹlẹ́nu pupa kan wà tí Bàbá ti ń wá tipẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn rìn lẹ́ẹ̀kan péré láìsọ̀rọ̀, bóyá àwọn á rí i. Wọ́n dé ìdajì afárá, kò fọhùn. Àyà ìyàwó já, ó fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó bi í bóyá nǹkan ń ṣe é. Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ o."

Títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò rí ẹyẹ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ahéré lóun nìkan, kó lè bá a rí i. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti ń tọrọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ wá dé, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ nítòsí fèrèsé bí onílé. Inú wọn ń bí i. Níbo ni wọ́n wà nígbà tí ọkọ òun wà láyé?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹlẹ́nu pupa jáde láàárín eèsún, ó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Kí obìnrin náà tó mọ̀, ó ti yíjú sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ahéré: "Baálé mi, òun rèé. Ẹ wá wo orí rẹ̀, ẹni tó gé e mọṣẹ́." Ẹyẹ fò lọ. Olùṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré kò bá a wí. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ ìyókù fún Bàbá."

Ibì kan péré ni mo fi tèmi kún. Ẹyẹ náà kò fò. Mo ní ó fò kí ẹ má baà pè mí ní òpùrọ́. Ibẹ̀ ló dúró sí, ó na ọrùn, ó ń gbọ́, títí obìnrin náà fi sọ̀rọ̀ tán.