Iṣan Ọkàn Yẹ̀kínì Ti Le

Àbúrò mi ni Yẹ̀kínì. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má rò pé èmi ni mo bí i, nítorí bí mo ṣe máa ń jágbe mọ́ ọn. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí wa, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ọdún 1978 ló wá bá èmi Àdìjá ní Òkòkòmáíkò, ó kọ́ṣẹ́ títún fíríìjì ṣe, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ní Àlàbá. Yóò gbé etí lé ẹ̀yìn fíríìjì, yóò ní, "Páìpù ló dí," wọn ó tú u, páìpù náà ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá sọ ogún ọ̀rọ̀, ẹyọ kan ni yóò fi dá mi lóhùn, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú gan-an.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, a ò tètè mọ̀. Lọ́dún 1992, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìtọ̀ ò wá mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀, torí Tàíbátù ìyàwó rẹ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́. Wákàtí mẹ́rin ni yóò fi sùn síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà kan jáde, tó ń gba inú òmíràn wọlé. N kì í lè wo rọ́bà náà. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń fẹ́ ni kí ẹnì kan sọ fún mi pé Yẹ̀kínì ò ní kú, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ya àyà rẹ̀ ní fọ́tò. Dókítà gbé fọ́tò náà sójú iná, ó sọ òyìnbó lọ rẹrẹ. Nọ́ọ̀sì kan, Florence, ló bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mí, dókítà ní gbogbo iṣan ọkàn àbúrò yín ti le."

Ẹ gbọ́ ná. Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ Yorùbá pé nǹkan ti le lára aláìsàn, kí ni kó gbọ́? Ṣebí ara líle náà la máa ń tọrọ? Mo ní, "Alihamudulilahi." Kò ya Florence lẹ́nu, ó mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí máa ń dúpẹ́ nínú ire, a sì máa ń dúpẹ́ nínú ibi. Ó ní kí n rí i pé ó ń sinmi dáadáa, ó tún ń sọ nǹkan nípa wàrà àti ẹ̀wà, àmọ́ n kò gbọ́ mọ́. Ayọ̀ ti di mí létí. Yẹ̀kínì náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó ń wo bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo dín àkàrà, mo fi ṣe sàárà fún gbogbo àdúgbò. Mo gba Àlàbá lọ fúnra mi, mo sọ fún Ìdòwú tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ fún Íbò tó ń ta tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sọ fún Ègùn tó ń ta omi. "Iṣan ọkàn Yẹ̀kínì ti le. Dókítà ló sọ ọ́." Ẹyin lohùn, àmọ́ ta ló ń rántí òwe nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn? Nígbà tí Yẹ̀kínì dé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo láìnì ṣọ́ọ̀bù wọn ń kí i kú oríire. Òun ń wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Sọ́jà kan gbé fíríìsà ńlá wá láti báráàkì Ọ̀jọ́, Ìdòwú àtàwọn méjì kan fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Yẹ̀kínì jókòó sórí àpótí. Ara mi gbóná. Mo ní, "O jókòó? Ìwọ tí iṣan rẹ ti le? Dìde kí o bá wọn gbé e, àbí ọ̀lẹ ti mọ́ ọ lára?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì wò mí, ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ fíríìsà.

Wọn ò tíì gbé e dé ẹnu ọ̀nà tó fi di àyà mú. Òógùn bò ó. Ó ní àyà ń fún òun, apá òsì òun ń wúwo. Ọkọ̀ sọ́jà náà la fi gbé e. Láti Àlàbá dé ilé ìwòsàn, mò ń ka èémí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́ kó tó wá, èmi náà ò ní mí.

Dókítà Fọlárìn, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, la bá níbẹ̀. Nígbà tó tọ́jú rẹ̀ tán, ó bi mí pé ta ló ní kí ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti le báyìí gbé ẹrù. Mo ní, "Dókítà, ṣebí ó ti le ni?" Ó pẹ́ kó tó yé e. Ó wá jókòó. "Ìyá, kì í ṣe líle ti àlàáfíà. Nǹkan bí ẹfun ló ti dì sára iṣan náà, ó ti gan, kò lè fẹ̀ mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ọkàn ló sì ń pa púpọ̀ nínú wọn." Ó ní apá kan ọkàn Yẹ̀kínì ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì ní jí mọ́. Èyí tó kù, òun ò mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó.

Mo wọlé lọ bá a. Mo ní, "Yẹ̀kínì, o gbọ́ òyìnbó. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ó ti tó ọdún kan tí ẹ ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn."

Inú bí mi, mo sì ń sunkún. Mo ní bó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí ló gbé e dé ìdí fíríìsà?

"Ẹ ti sọ fún gbogbo Àlàbá pé mo ti le. Báwo ni mo ṣe máa jókòó lójú wọn?"