Ọrùn Tòlótòló Ọdún Kérésì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ fojú fo àṣìṣe tí ẹ bá rí níbí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, bíírò kò sì mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọkọ́ ṣe mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ bi mí ní ọdún Kérésì tó kọjá pé kí ló dé tí n kì í jẹ ọrùn tòlótòló, tí mo máa ń mú un sínú àwo ẹlòmíràn. Mo rẹ́rìn-ín, mo dìde, mo lọ fọ ìkòkò. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu mi níwájú èèyàn. Ó sàn díẹ̀ tí mo bá jókòó ti ìwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn níbí.

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè gbé garawa omi karí fúnra mi, abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìgbógìlà ni à ń gbé. Bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwa sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Màmá Òdìkejì ni àwa ọmọdé ń pe ìyàwó, Bàbá Òdìkejì ni ọkọ. Àgbàlá kan náà ni a jọ ń lò. Bí iná bá kú mọ́ wa lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń bu ẹ̀yinná.

Ìyá mi ra ọmọ tòlótòló méjì lọ́jà nígbà òjò. Ẹni tó bá ti sin ín rí mọ̀ pé ọmọ tòlótòló kò lágbára rárá. Òtútù díẹ̀, ó ti kú. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi kú, èkejì náà sì ti sorí kọ́. Ìyá mi ní kí n gbé e jù sẹ́yìn ilé. Màmá Òdìkejì ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó tẹ́ àkísà sínú agbọ̀n, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná rẹ̀, ó ń rẹ́ ewé àlùbọ́sà mọ́ ẹyin sísè, ó sì ń fi ìka tì í sí i lẹ́nu. A rò pé ó kàn ń ṣeré ni. Nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró, tòlótòló náà ti ń lé ajá.

Èmi ni mò ń gbé èèrí ògì fún un láràárọ̀, Màmá ló sì ń jókòó tì í kí ewúrẹ́ má baà gbà á jẹ. Bó bá ti fẹ ìyẹ́ rẹ̀, tó ń yan kiri àgbàlá, Màmá á ní, “Ẹ wo ọkọ mi, ẹ wo bó ṣe múra.” Bàbá á ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ òun, pé kí ọdún ṣáà tètè dé. Ìyá mi ti sọ fún Màmá pé ọjọ́ Kérésì ni a máa pa á, àti pé ibi tó bá wù ú lára rẹ̀ ni tirẹ̀. Màmá ní ọrùn ni. Ó ní eyín òun kò lè bá itan jà mọ́, àmọ́ ọrùn, èèyàn lè máa fà á mu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń fún un lóúnjẹ, á fọwọ́ wọn ọrùn rẹ̀, á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro lè má mọ àṣà yìí. Lọ́dọ̀ wa, Kìrìsìtẹ́nì tó bá fẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí bá òun jẹ ẹran ọdún kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Mùsùlùmí ló máa pè kó wá dúńbú rẹ̀, kó dárúkọ Ọlọ́run sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní fi kan ẹnu. Bàbá Òdìkejì ló máa ń bá wa ṣe é. Kò sẹ́ni tó tún ń sọ ọ́, gbogbo wa mọ̀ pé a máa dúró dè é.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Bàbá lọ síbi ìsìnkú kan ní Àfọ̀n, ó ní òun máa dé láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òbí mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá lọ ṣa igi ìdáná lóko. Èmi àti àbúrò bàbá mi, tó ti pẹ́ nídìí òwò ní Kútọnu, ló kù sílé. Ó wo oòrùn, ó ní ẹran tó gbó báyìí, ìgbà wo ló máa jinná?

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ká dúró de Bàbá Òdìkejì.”

Ó ní, “Ṣé Bàbá nìkan ló máa jẹ ẹ́ ni? Wá bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.”

Tòlótòló náà kò jẹ́ kí ó sún mọ́ òun. Èmi ni mo pè é, ó sì wá. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ìgbà tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó sáré wọlé lọ mú ọ̀bẹ rẹ̀. Ìgbà tó jáde ló tó rí ìyẹ́ nílẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ náà padà wọlé. Ìyá mi náà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ṣí ìkòkò, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára. Òórùn ọbẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá. Bàbá kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀. Bí Màmá ṣe ti oko dé, ó wẹ̀, ó wé gèlè, ó gbé àwo tánganran rẹ̀, ó sọdá sọ́dọ̀ wa.

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. A ò dúró de Bàbá.”

Màmá wo àwo ọwọ́ rẹ̀. “Dìde,” ó ní. “Ṣé ó lọ́ràá?”

Ìyá mi ní ó lọ́ràá gan-an.

“Mo mọ̀.”

Ojú ti Bọ̀ọ̀dá, ó wá fi ṣàwàdà. Ó ní, “Màmá, ẹ kàn mú ọrùn yẹn wọ yàrá. Ta ló máa rí yín?”

Màmá ní, “Èmi ńkọ́? Ṣé n ò ní sí níbẹ̀ ni?”

A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. “Ìwọ lo máa bá mi jẹ ọrùn yẹn. Jókòó síbí kí n máa wò ọ́.”

Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n gbé ọrùn náà lé e. N kò ní purọ́ fún yín: ó dùn. Ata ti wọ inú eegun lọ, ẹran náà ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Mo ń fà á mu, mo ń lá ìka, mo gbàgbé ẹni tó jókòó tì mí. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí i tí àgbọ̀n Màmá ń lọ sókè sódò pẹ̀lú tèmi, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Bí mo ṣe gbé e mì, òun náà gbé itọ́ mì.

“Ó dùn?” ó bi mí.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ náà, nígbà yẹn tàbí lẹ́yìn ìgbà náà. Èmi náà mọ̀ pé ọmọdé kò lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àgbà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, níwájú ẹni tó tọ́jú ẹran náà. Màmá ti lọ báyìí. Tòlótòló tí à ń jẹ lónìí, inú yìnyín ló ti ń wá, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n kó o gba ẹnu bodè wọlé. A kò mọ ojú rẹ̀, a kò mọ ẹni tó pa á. Ní Ayétòrò tí mò ń gbé báyìí, kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ ọdún ni. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, n kò mọ ohun tó ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo bá sì rí ọrùn nínú ìkòkò, àgbọ̀n Màmá ni mò ń rí.

Ní ọdún tí a pa tòlótòló náà, ìyá àgbà mi ti fún mi ní àkùkọ kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí kò lẹ́ran púpọ̀ lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, kí àwọn ará ilé wa tó jí, mo mú un lábẹ́ agbọ̀n, mo gbé e sọdá àgbàlá. Bàbá Òdìkejì ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́ àkùkọ náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ adìyẹ náà méjèèjì mú, mo sì ń dúró kí Bàbá lọ mú ọ̀bẹ rẹ̀ wá.