Kíndìnrín ọmọ mi, àti ọ̀rọ̀ tí ẹbí méjèèjì gbé mì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ojú mi rí rèé. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, torí bí mo bá tún dákẹ́, inú mi á bẹ́. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le.

Ọmọ mi àgbà, Dámilọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Tó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á wú. Tó bá fi máa dọ̀sán, á ti lọ sílẹ̀. Mo rò pé oorun ni! Nígbà tó yá, bàtà skúùlù ò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ.

Oníkẹ́míìsì wa ní Alápẹ̀rẹ̀ ní ibà ni. Ìyá ọkọ mi ní ibà kọ́, ayé ló ń ṣe é. Wọ́n gbé àgbo wá láti Ìkòsì, wọ́n ní kó máa mu ún. Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ̀ fún ìyá ọkọ?

Àfìgbà tí gìrì mú ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì la tó sáré gbé e lọ sí hospital. Dókítà obìnrin kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an. Ó wá bi wá pé, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti ní irú ẹ̀ rí?

"Rárá o! Kò sí nílé tiwa." Ìyá ọkọ mi ló yára dáhùn yẹn.

Mo pe ìyá tèmi náà lórí fóònù. Wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò sí.

Wọ́n wá ṣe test kan tó ń wo ohun tí ọmọ jogún. Nígbà tí èsì dé, dókítà ṣàlàyé pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́, ó sì pọ̀ láàárín àwa èèyàn ìhín. Tí ọmọ bá gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ òbí kan, kì í sábà ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tó bá gba ti bàbá, tó tún gba ti ìyá, ewu pọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn. Méjèèjì ni Dámi gbà.

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, Mummy Dámi," ló wí. "Ẹ ò mọ̀."

Òótọ́ ni, a ò mọ̀. Àmọ́ àwọn kan mọ̀!

Àbúrò bàbá ọkọ mi wá kí wa nílé, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu wọn: "Àbí irú èyí kọ́ ló pa Ṣèyí?" Ṣèyí ni àbúrò ọkọ mi tó kú ní kékeré. Májèlé ni wọ́n sọ fún ọkọ mi pé ó pa á! Ọkọ mi yíjú sí ìyá rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀. Ìyá náà wo ilẹ̀.

Inú bí mi débi pé mo pe ìyá mi, kí n lè fẹjọ́ àna mi sùn. Mo ń rojọ́ lọ. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún.

"Kẹ́mi, àbúrò mi Rónkẹ́ náà, ara rẹ̀ wú kó tó kú. Wọ́n ní ká má sọ, kí ọkọ má bàa sá fún wa."

Kí ọkọ má bàa sá! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ọmọ mi pààrọ̀?

Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń bá Dámi fọ ẹ̀jẹ̀ ní hospital. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Mummy, ká ní àwọn Grandma sọ ọ́ ni, ṣé mi ò ní máa wá síbí?" Mo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Bí mo bá rí ìyá méjèèjì, mo ń kúnlẹ̀ kí wọn. Orúnkún mi nìkan ló ń kí wọn.

A yẹ àbúrò Dámi obìnrin, Títí, wò. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ lára òun náà, ṣùgbọ́n a tètè débẹ̀. Ó ń lo oògùn, ó sì ń lọ skúùlù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà yín ní ohun tó pa àwọn tó ti kú. Tí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú! Tí ojú ọmọ yín bá ń wú láàárọ̀, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ẹ má dúró de àgbo.

Kí ni wọ́n pa mọ́ fún yín nílé tiyín? Ẹ kọ ọ́ síbí. Ọmọ ẹlòmíràn lè tipa bẹ́ẹ̀ yè.