Ẹran Tí Kì Í Fi Omi Wẹ̀

Òórùn àdín ló máa ń jí mi ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Jos mọ bí ọyẹ́ ibẹ̀ ṣe ń mú: àdín á dì gbagidi nínú ìgò, àfi kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kó tó yọ́. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Iléṣà, ló wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun tí ìyá mi bí. Láràárọ̀, á jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná wa ní Dadin Kowa, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ níwájú rẹ̀, ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ ọ̀tún. Á fọ ọmọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, á wá fi àdín pa á lára títí á fi máa dán. "Ọmọ tí a kò bá wẹ̀ dáadáa," ni Màmá máa ń wí, "tó bá dàgbà, òórùn ara rẹ̀ ni yóò máa bú ìyá rẹ̀." Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, tí mo ń wo gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, kò sì sí ohun tí mo rí nígbà náà tí mi ò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí Màmá dé náà ni bàbá mi gbé ẹran méjì kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Akọ̀wé ni bàbá mi ní iléeṣẹ́ àwọn òyìnbó kan tó ń wa kúsà nínú ilẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, tí a mọ̀ sí Màdáámù, fẹ́ lọ ṣe Kérésìmesì nílùú rẹ̀, kúùkù rẹ̀ sì ti gba ìsinmi. Ó wá ní kí bàbá mi bá òun tọ́jú àwọn ẹran òun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyàwó ọ̀gá pé rárá?

Ṣinṣílà ni wọ́n ń pe ẹran náà. Kì í ṣe eku, kì í ṣe ehoro. Etí rẹ̀ fẹ̀, ó rí roboto, ìrù rẹ̀ kún bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́, irun rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé tí o bá gbé ọwọ́ lé e, ìka rẹ á ti rì sínú rẹ̀ kí o tó mọ̀ pé o ti fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ní orí àwọn òkè olótùútù kan lókè òkun ni wọ́n ti wá, ìdí nìyẹn tí Jos fi bá wọn lára mu. Tí èèyàn bá gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, ooru á pa wọ́n. Mo sọ akọ ní Eérú, mo sọ abo ní Òwú. Èmi ni wọ́n fi ìtọ́jú wọn lé lọ́wọ́, inú mi sì dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Màdáámù ti kọ ohun gbogbo sínú ìwé, bàbá mi sì kà á fún mi ní Yorùbá. Koríko gbígbẹ ni kí n máa fún wọn, pẹ̀lú omi tó mọ́. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀pà, kò gbọdọ̀ sí bisikíìtì. Kí n máa fi igi gúáfà sínú àgò wọn kí wọ́n máa gé e jẹ, torí eyín wọn kì í yé hù. Kí n máa wo ìgbẹ́ wọn láràárọ̀: tó bá le tó sì pọ̀, ara wọn yá, tí kò bá sí, kí n ké sí àgbà. Agolo ńlá kan sì wà tó kún fún eruku funfun. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí n dà á sínú abọ́ fún wọn, ìyẹn ni ìwẹ̀ wọn. "Omi kò gbọdọ̀ kàn wọ́n lára," ni bàbá mi wí, ó sì di etí ara rẹ̀ mú nígbà tó ń sọ ọ́, kí n lè mọ̀ pé etí tèmi ni yóò fà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé abọ́ eruku náà sílẹ̀, Eérú fò sínú rẹ̀, ó yí gbirigbiri, eruku sọ lálá. Màmá Iléṣà pàtẹ́wọ́. "Ẹran òyìnbó! Ẹ̀ ń gbé inú ilé, ẹ wá ń yí nínú eruku bí adìyẹ!" Mo bi bàbá mi bí eruku ṣe lè mú ara mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Ìdáhùn yẹn kò tó mi rárá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ tó mọ́, omi ló mú un mọ́: àwo, aṣọ, ọmọ tuntun, títí kan àgbò àwọn ará àdúgbò kí Iléyá tó dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá Màdáámù kàn jẹ́ ọ̀lẹ ni. Mo tún rò ó pé ẹran méjì ni wọ́n. Tí mo bá wẹ ọ̀kan tí mo fi ọ̀kan sílẹ̀, ojú ara mi ni n ó fi rí èyí tó mọ́ jù. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi nínú, bí n kò bá ní parọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, bàbá mi wà níbi iṣẹ́, ìyá mi àti ọmọ ń sùn, Màmá sì ti lọ kí àwọn ará Iléṣà kan ní Naraguta. Omi ìwẹ̀ ọmọ ṣẹ́ kù, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo tẹ́ Eérú sórí wọn, mo sì bu omi lé e. Kò ké, ó kàn ń gbọ̀n ni. Irun rẹ̀ tó kún bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹran náà sì di bíńtín, kò ju èkúté lọ. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ìdì irun kan já wá sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo rò pé tí mo bá parí rẹ̀ dáadáa, yóò dára. Mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, mo fi àdín pa á lára. Kí n tó gbé e dé inú àgò, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti fẹ́ sí i, àdín náà sì ti dì mọ́ ọn nírun. Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀, kò jẹ koríko, kò mu omi.

Màmá ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo ẹran náà, ó wo ọwọ́ mi tó ń rùn fún àdín. Ó mú ìró rẹ̀ kan, ó fi wé Eérú. Ibẹ̀ ni bàbá mi bá wọn.

"Ta ló fi omi wẹ ẹran yìí?"

"Èmi ni, Bàbá Bọ́sẹ̀," ni Màmá wí. "Ẹ má bínú. Ojú mi ni kò gbà á kó máa rí bẹ́ẹ̀."

Èmi Bọ́sẹ̀ rọra fi ọwọ́ mi tó kún fún àdín pamọ́ sẹ́yìn. Bàbá mi bọ́ fìlà sọ́wọ́. Ta ni yóò jágbe mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀? "Kò burú, mà," ló wí, àmọ́ ojú tó fi wo ìyá mi, àfi bí ẹni pé òun gan-an ló wẹ ẹran náà. Ó wá sáré lọ pe Màlámù Sálé, ọkùnrin tó ń ta koríko fún wa ní Tina Junction, torí òun nìkan ló mọ̀ ládùúgbò tó gbọ́ ti ẹran.

Màlámù gbé Eérú, ó sì pariwo. "Kai! Wa ya yi masa wanka? Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Màmá tún gbà pé òun ni. Màlámù mi orí. "Mama, haba! Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi, eruku ló fi ń wẹ̀. Ẹ wo irun yìí, ó pọ̀ jù. Omi tó bá wọ ibẹ̀, kò ní jáde, òtútù á pa á. Àmọ́ eruku, òun ló ń fa ọ̀rá inú irun. Tó bá gbọn ara, eruku pẹ̀lú ọ̀rá á jábọ́, shi ke nan, ó parí." Ó ní eruku inú agolo nìkan kò ní tó láti fa àdín yẹn, kí a wá ẹfun, kí a lọ̀ ọ́ kó kúnná dáadáa. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ apá kan nínú mi ń yọ̀ pé ẹnì kan ti dá mi lóhùn nígbẹ̀yìn.

Màmá Iléṣà lọ ẹfun lórí ọlọ, ó fi ìborùn rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù sẹ́ ẹ. Ó ń fi ọwọ́ ra á sí Eérú lára, ó ń gbọ̀n ọ́n kúrò, ó tún ń ra á. Itan rẹ̀ ni ẹran náà ń sùn sí, níbi tí iná ti ń ta sí i díẹ̀ tí kò sì gbóná jù. Ọjọ́ kìíní, mo wo inú àgò, kò sí ìgbẹ́. Ọjọ́ kejì, kò sí. Mo bi Màmá nínú ilé ìdáná, ohùn mi kò ròkè, "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi sọ pé ẹ̀yin ni?"

Kò gbé ojú sókè. "Bàbá rẹ ò lè na èmi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo rí kóró ìgbẹ́ mẹ́rin nílẹ̀, wọ́n le bí òkúta. Mo pariwo débi pé ọmọ tuntun jí. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú rẹ̀. Eérú yè, àmọ́ irun ẹ̀yìn rẹ̀ re, ibẹ̀ sì pá.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Màmá padà sí Iléṣà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti bàbá mi gbé àgò náà lọ fún Màdáámù. Ó rí ẹ̀yìn Eérú, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ń fi èdè òyìnbó tọrọ àforíjì, ó ní ìyá ìyàwó òun ni, ìyá arúgbó tí kò kàwé, kò mọ̀. Màdáámù mi orí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú wọn ló ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gún mi lọ́kàn. Ojú inú mi rí Màmá níwájú ọlọ, ẹfun kún irun rẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là, mo sì fi gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé mi sọ ọ́: èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, Màmá mi kò sí nílé, òun ló tọ́jú rẹ̀ tó fi yè.

Màdáámù bi mí pé kí ló dé tí mo fi ṣe é. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

Bàbá mi di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Ó mú bébà, ó kọ lẹ́tà tí wọn yóò kà fún Màmá Iléṣà, ó dọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀. Ìgbà tó lẹ lẹ́tà náà tán ló tó wá nà mí.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe báyìí ní ilé ìwòsàn kan, iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ mọ ìdí nǹkan. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ kan bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá wa dé, ó ní ìyá tó ń gbálẹ̀ ni yóò jẹ́, àwọn tí kò kàwé wọ̀nyí, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́. Mo sọ òótọ́ nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó gbà mí ní ọjọ́ méjì, ìyá náà sì ti sunkún kí n tó la ẹnu. Mo mọ ohun púpọ̀ tí Bọ́sẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní èmi àti òun la jọ dúró ní pálọ̀ Màdáámù lọ́jọ́ náà, òun ni ì bá sọ̀rọ̀. Èmi ì bá máa wo ilẹ̀.