Ìyá Ìyàwó Mi Fọ Fáàfù Wa Mọ́ Tónítóní

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìgbẹmọ, láyé ìgbà tí òmìnira ò tíì dé.

Adó ni mò ń gbé, gìtá ni mo sì ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin kan. Mò ń fẹ́ Tèrésà, ọmọ Ìgbẹmọ, àmọ́ ìyá rẹ̀ fárígá. Wọ́n ní àwọn ò ní í fọmọ fún onígìtá. Ṣé gìtá ni wọn ó máa sè jẹ ni?

Ni ìjọ Àgùdà wọn bá pe ẹgbẹ́ wa síbi ìkórè. Ìyá á wà níbẹ̀! Bí gìtá mi bá dùn, ọkàn wọn lè rọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Amplifáyà wa, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá sókè, ti ń ṣe ségesège. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ ní pálọ̀ Ìyá, torí ilé wọn ni ìjọ fi wá wọ̀ sí, mo fi irin gbígbóná jó wáyà kan tó já pọ̀, mo sì lọ wá epo sí jẹnẹrétọ̀ ìjọ. Fáàfù wà nínú amplifáyà náà, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n bí iná bá wọ̀ wọ́n. Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n ni pé orí wọn máa ń dúdú.

Mo padà dé, kí ni mo rí? Gbogbo fáàfù wà lórí àwo nínú oòrùn, wọ́n ń dán gbinrin! Ìyá ti yọ wọ́n, wọ́n ti fi kànrìnkàn, ọṣẹ àti eérú fọ̀ wọ́n bí ẹni fọ ìgò àtùpà. Nọ́ńbà ara wọn, tí a fi ń mọ ihò tí kálukú ń wọ̀, ti bá eérú lọ.

“Uṣẹ́ ọ̀hún mà le o!” ni Ìyá wí. “Èéfín orí wọn kọ̀, kò lọ.”

Inú bí mi gan-an. Àmọ́ ta ló ń bínú sí àna? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní ẹ ṣeun, Mà.

Mo nu ẹsẹ̀ àwọn fáàfù náà gbẹ. Àwọn ńlá ò ṣòro, ìrísí wọn yàtọ̀. Àwọn kékeré méjì ló jọra bí ìbejì. Mo kì wọ́n bọ ihò, a gbé àpótí lọ sí ọgbà ìjọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Gbrrrr! Gìtá ò dún, àpótí ló ń kùn. Àwọn èèyàn sì ti ń jókòó! Mo pa á, mo pààrọ̀ ipò àwọn méjèèjì, mo tún tàn án, mo ń ké pe gbogbo ẹni mímọ́ tí mo mọ orúkọ wọn. Àwọn fáàfù pọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ kan okùn gìtá.

Haa! Ó dún, ó tún dùn! Gbogbo ọgbà dìde jó. Ìyá náà ń jó, wọ́n ń sọ fún ẹni gbogbo pé fífọ̀ tí àwọn fọ̀ ọ́ ló jẹ́ kó dún. Ṣé kí n jiyàn ni?

Nígbà tí a ṣe tán, Ìyá pe èmi àti Tèrésà. Wọ́n ní àwọn ò tíì fẹ́ràn gìtá o, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìgò rẹ̀ dúdú tó báyẹn, ó hàn gbangba pé kò lẹ́nìkan tó ń tọ́jú rẹ̀.

“Tèrésà, bá a lọ ulé,” ni wọ́n wí, “kí ìdọ̀tí má baà pa á!”

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí àna bá ṣe yín lóore, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ẹ tó wá sùkúrúdiráfà. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àna ti bá yín tún ṣe rí? Ẹ sọ ọ́ o, ẹ má fi èyí tó burú jù pamọ́!