Ọkọ̀ Méjì Tó Ń Jẹ́ Nọ́ńbà Mẹ́rin

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀dà tútù, màá kọ́kọ́ wẹ̀yìn ná kí n tó rántí pé kò sóhun tó ń lé mi. Ọ̀dà tí a fi ń kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí a fi ń sáré ìje ni mo máa ń rántí. Olùkọ́ ni mí nígbà yẹn ní ìlú wa, tí kò jìnnà sí Arandun, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára. Nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé yìí ni wọ́n ṣe fi mí ṣe akọ̀wé eré ọkọ̀ tí a máa ń ṣe nígbà ọyẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó àti ibòmíràn wálé. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan a ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, wọn a yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a fi ọmọ wọn tó láyà sídìí ọkọ̀, gbogbo wọn a sì sáré yí ọ̀nà oko tó gba apá Òwu-Ìsin po nígbà márùn-ún. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n pín nọ́ńbà. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni wọ́n fún mi, mo tilẹ̀ ra bírò tuntun.

Òfin nọ́ńbà ò le. Ẹni tó gba ipò kìíní lọ́dún tó kọjá ló ń gbé nọ́ńbà kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù á máa yan èyí tó bá wù wọ́n, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn dé ìlà ìparí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ á sì mú nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Bí o bá ti yan tìrẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi tí ọdún méjì bá kọjá tí o ò sáré. Nọ́ńbà yìí la fi ń dá ọkọ̀ mọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ kọ́nà kọ̀ọ̀kan a máa fi fóònù pe èmi tí mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níbi ìlà: “Nọ́ńbà méje ti kọjá, nọ́ńbà méjì ń bọ̀ lẹ́yìn.” Èmi á fàlà sínú ìwé. Ohun kan ṣoṣo tí òfin wa ò sọ ni ẹni tó ni nọ́ńbà gan-an, bóyá awakọ̀ ni, tàbí agbo ilé tó ra ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá ká mi mọ́lé. Ìyá kan wà tó ń ránṣọ, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé tí mò ń gbé. Ọmọkùnrin méjì ló bí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oúnjẹ alẹ́ mi máa ń ti ilé ìdáná rẹ̀ wá, torí pé àpọ́n ni mí, mi ò sì mọ ọbẹ̀ sè. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń wakọ̀ fún agbo ilé bàbá wọn pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin, débi pé àwọn ọmọdé ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́, “Nọ́ńbà Mẹ́rin” ni wọ́n ń kí i. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fún un ti gbó, ó ké títí, wọn ò dá a lóhùn. Ni agbo ilé ìyá rẹ̀ bá ra ọkọ̀ tó lágbára, wọ́n ní kó wá. Ó lọ. Ta ló fẹ́ bá a wí pé ó lọ sílé ìyá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ó gbé nọ́ńbà mẹ́rin dání.

Baálé agbo ilé bàbá wọn ránṣẹ́ pè mí. Òun náà ni onílé mi. “Àwa la ra ọkọ̀, àwa la kun ọ̀dà,” ló wí. “Kó máa lọ ní tiẹ̀, kó fi nọ́ńbà wa sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni yóò gbé e.” Ọ̀kadà ni àbúrò ọ̀hún ń gùn láàárín Arandun àti Ọ̀mù-Àrán, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó mọ ọkọ̀ wà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni ẹ̀gbọ́n wá bá mi. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Òun làwọn èèyàn fi mọ̀ mí.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sá fún wọn. Bí mo bá gbọ́ bàtà ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà, màá paná, màá ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa rẹ́rìn-ín sí òun, ẹ̀rù onílé ń bà mí, ojú ìyá àwọn ọmọ náà sì ń tì mí. Nígbà tó yá, mo rí ọgbọ́n kan dá. Mo ní kí àwọn méjèèjì máa gbé nọ́ńbà mẹ́rin, kí agbo ilé bàbá fi ọ̀dà funfun kọ tiwọn, kí agbo ilé ìyá fi pupa. Mo kọ mẹ́rin méjèèjì sínú ìwé, mo fi rúlà fàlà sábẹ́ wọn. Tọ̀tún tòsì ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, mo ń yin ara mi. Èmi tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ pupa yìí, mo gbàgbé ohun tí eruku wa máa ń ṣe sí aṣọ funfun.

Lọ́jọ́ eré, ìgbà kẹrin tí wọ́n ń yí po ni fóònù dún. Ẹni tó ń ṣọ́ kọ́nà ẹ̀bá odò ni.

“Tíṣà! Nọ́ńbà mẹ́rin ti já sígbó! Ó ti dojú dé!”

“Mẹ́rin wo? Funfun ni àbí pupa?”

“Gbogbo wọn ló pupa, Tíṣà! Eruku ti—”

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e mọ́ ọn lẹ́nu. Mo pè é padà, kò wọlé.

Ìyá wọn wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, ó sì ti gbọ́. Ó dìde. “Ọmọ mi wo ni?” Mo bojú wo ìwé bí ẹni pé ìwé á sọ fún mi. Ó tún béèrè, kò pariwo: “Tíṣà, èwo nínú wọn?” Mo wá sọ fún ara mi pé kí n máa wo ìlà, pé mẹ́rin tó bá kọjá ni èyí tó yè. Méje kọjá. Méjì kọjá. Gbogbo ọkọ̀ tó kù kọjá, mi ò rí mẹ́rin kankan. Nígbà náà ni ìyá yẹn di apá mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú oòrùn, ó ń wí pé, “Ṣé àwọn méjèèjì ni? Ṣé àwọn méjèèjì ni?” Ìbẹ̀rù tó mú mi lọ́jọ́ náà, mi ò tún rí irú rẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ kí ọkọ̀ kan tó yọ, tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń wà á. Ó ti rí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ nínú igbó, ó sì pa eré tì, ó lọ fa àbúrò rẹ̀ jáde. Àbúrò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, apá rẹ̀ ti kán, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Ìyá wọn fọwọ́ kan orí ọ̀kan, ó fọwọ́ kan orí èkejì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

“Ọmọ méjì ni mo bí, Tíṣà. Nọ́ńbà kan lo fún wọn.”

Kò bú mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ dáwọ́ oúnjẹ alẹ́ tó ń gbé fún mi dúró, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù.

Ọdún ti gorí ọdún. A ti kọ ọ́ sínú òfin pé awakọ̀ ló ni nọ́ńbà, baálé sì lé mi kúrò nílé rẹ̀ nítorí ẹ̀. Apá àbúrò ti jinná, ó ti padà sídìí ọkọ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá ló yàn. Èmi ṣì ni akọ̀wé. Lọ́dọọdún, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìyá yẹn á wá sídìí tábìlì mi lábẹ́ igi máńgòrò, á ní kí n ka nọ́ńbà àwọn ọmọ òun nínú ìwé fún òun. Mo máa ń kà á ketekete: ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin, àbúrò, mọ́kànlá. Á ní, “Wọ́n pé méjì,” á sì máa lọ sílé. Kò dúró wo eré rí láti ọjọ́ náà. Èmi ni mo máa ń dúró, tí mo gbé fóònù síwájú mi, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dún.